Àyè Òfìfo Tí Ẹ́sítéètì Rà: Bí Wọ́n Ṣe Ń Tọ́jú Adágún Òjò ní Ìbàdàn

Ibi tó rẹlẹ̀ jù nínú ẹ́sítéètì, tí gbogbo gọ́tà dojú kọ, ni wọ́n sábà máa ń gbẹ́ adágún òjò sí. Lójú ẹni tó ń wá ilẹ̀ rà, pulọ́ọ̀tì méjì tàbí mẹ́ta ló ṣòfò síbẹ̀ yẹn. Bẹ́ẹ̀, òfìfo náà gan-an ni wọ́n rà. Bí òjò ńlá bá dé, àyè ni adágún fi ń gbà á, kó lè máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí àyè bá tán, adágún ò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́, bó ti wù kí omi rẹ̀ máa dán tó. Kí àyè yẹn má bàa dí ni gbogbo wàhálà àyẹ̀wò àti àtúnṣe wà fún.

Orí òkè ni Ìbàdàn wà, omi kì í sì í pẹ́ lórí òkè. Àtijọ́, igbó àti ilẹ̀ á mu lára òjò kí ìyókù tó dé Ògùnpa, Ọnà, Ògbèrè tàbí Kúdẹtì. Nísinsìnyí, páànù, kọnkéré àti íńtálọ́ọ̀kì ló ń gbà á, wọn ò sì mu nǹkan kan nínú rẹ̀. Omíyalé ti 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980 kò tíì kúrò lẹ́nu àwọn ará Ògùnpa. Ti 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011 gba ẹ̀mí tó lé ní ọgọ́rùn-ún, ó sì gbé afárá lọ. Lẹ́yìn èyí ni ìjọba yá 200 mílíọ̀nù dọ́là lọ́dọ̀ Báńkì Àgbáyé lọ́dún 2014 láti gbógun ti omíyalé ní Ìbàdàn. Owó bẹ́ẹ̀ lè tún odò àti afárá ṣe, ṣùgbọ́n omi tó ń ti inú ẹ́sítéètì dà sódò, ọwọ́ àwọn onílé ló kù sí.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Òjò mìlímítà 1 lórí ilẹ̀ tó gùn ní mítà kan, tó sì fẹ̀ ní mítà kan, lítà 1 ni. Bí òjò mìlímítà 50 bá rọ̀ sórí òrùlé tó tó 200 mítà onígun mẹ́rin, lítà 10,000 ló máa dà sílẹ̀, ìyẹn omi tánkà ńlá kan. Ilé 40 á da tánkà 40 sí gọ́tà, a ò sì tíì ka títì àti inú ọgbà mọ́ ọn. Adágún tó gùn ní mítà 40, tó sì fẹ̀ ní mítà 20, gbọ́dọ̀ ní ìdajì mítà tó ṣófo kó tó lè gba ti òrùlé nìkan, bí a kò bá ka èyí tó ń jáde lọ́wọ́ kan náà.

Oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan máa ń ní omi nínú tẹ́lẹ̀, tí ti òjò á wá gùn lé e lórí. Èkejì máa ń gbẹ, omi rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ti ṣàn tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta tí òjò bá dá. Ọ̀nà kan náà ni omi ń gbà nínú méjèèjì. Láti gọ́tà, ó ń bọ́ sínú kòtò kékeré kan tó ṣáájú adágún gan-an, níbi tí eré rẹ̀ ti ń dínkù, tí iyanrìn sì ń rì. Láti ibẹ̀ ló ń ṣàn wọ inú adágún. Ní òdìkejì ni páìpù àbájáde wà, tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dá ihò kékeré sí, pẹ̀lú irin tó ń dá ìdọ̀tí dúró níwájú rẹ̀. Lókè páìpù yìí, ibì kan wà lára bèbè tó rẹlẹ̀ díẹ̀ ju ìyókù lọ, tí wọ́n fi òkúta tàbí kọnkéré tẹ́. Ojú àpọ̀jù nìyẹn: omi tó bá ju agbára páìpù lọ á gba ibẹ̀ kọjá láìjẹ bèbè.

Nínú gbogbo ohun tó ń ba adágún jẹ́, iyanrìn ni baba wọn. Títì tí wọn ò dà ọ̀dà sí, ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́, yẹ̀pẹ̀ tí típà dà sẹ́bàá ọ̀nà tí bíríkìlà kò tíì lò tán: òjò ń kó gbogbo rẹ̀ bọ̀. Nínú adágún tó ń gbẹ, iyanrìn ń jẹ àyè omi òjò tààrà. Nínú èyí tó ń ní omi, ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ ń kún, ojú omi ò sì ní yí padà, ìdí nìyẹn tí kì í tètè hàn sí ẹnikẹ́ni. Kò sí ọgbọ́n mìíràn ju kí wọ́n wọ̀n ọ́n lọ. Wọ́n á fi ọ̀pá gígùn tí wọ́n ti sàmì sí kan ilẹ̀ ní ojú kan náà nígbà gbogbo, wọ́n á sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́. Bí kòtò kékeré bá ti kún dé ìdajì, ó ti tó kó. Ìyẹn ò ju iṣẹ́ ṣọ́bìrì àti bárò lọ. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ títí iyanrìn fi jẹ ìdá kan nínú mẹ́rin jíjìn adágún ńlá, katapílà ni wọ́n máa gbà, owó ibẹ̀ kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìpàdé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. Ohun tí wọ́n bá kó jáde kò gbọ́dọ̀ wà lórí bèbè, torí òjò kejì á gbé e padà wọlé. Kò sì dára láti kó o sínú oko ẹ̀fọ́: epo ọkọ̀ tó ṣàn láti títì wà nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn iyanrìn, ẹnu páìpù. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan ṣoṣo tó bá lẹ̀ mọ́ ihò kékeré ti tó láti sọ adágún di agbada. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ kó ìdọ̀tí kúrò lójú irin lẹ́yìn gbogbo òjò ńlá, kì í ṣe lọ́jọ́ ìmọ́tótó nìkan. Àṣìṣe kan tún wà tó burú ju ìdọ̀tí lọ. Àwọn kan á rí i pé omi ń lọ díẹ̀díẹ̀, wọ́n á pe bíríkìlà kó wá la ihò náà fẹ̀ sí i. Díẹ̀díẹ̀ yẹn ni wọ́n tìtorí ẹ̀ kọ́ ọ! Bí ihò bá ti fẹ̀, gbogbo omi á dà sórí àwọn tó wà nísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni pé wọn ò gbẹ́ adágún rárá.

Ọgbọ́n kan wà tó dára lásìkò ọyẹ́. Bí òjò kò bá ti rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, gọ́tà tó wọ adágún yẹ kó gbẹ. Bí omi bá ṣì ń ṣàn níbẹ̀, ilé ẹnì kan ló ti ń bọ̀: omi ìwẹ̀, omi ìfọṣọ, tàbí ṣọ́kàwéè tí wọ́n jọ páìpù rẹ̀ sí gọ́tà lóru. Kí wọ́n máa tẹ̀ lé e láti ẹnu adágún lọ sókè, wọ́n á bá a. Bí onílé náà bá ṣorí kunkun, wolé-wolé ló kù.

Bèbè ni ibi tí ewu gidi wà. Òkété ń gbẹ́ ihò síbẹ̀, akàn náà ń gbẹ́ tirẹ̀, ikán sì ń la ọ̀nà tóóró inú ilẹ̀ tí omi á wá máa gbà. Igi kò gbọ́dọ̀ hù lórí rẹ̀, ìbáà jẹ́ igi ọlọ́sàn-án tí gbogbo èèyàn fẹ́ràn; gbòǹgbò rẹ̀ tó bá kú tó sì jẹrà, ihò ni. Koríko tó ń rá mọ́lẹ̀ ló yẹ ibẹ̀, kí wọ́n sì máa gé e mọ́lẹ̀ kí ojú lè rí ihò. Ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò á rìn lórí bèbè, á sì tún rìn ní ìdí rẹ̀ lẹ́yìn, níbi tí ọ̀pọ̀ kì í dé. Bí ilẹ̀ ibẹ̀ bá rọ̀ tó ń sun omi tó mọ́, kí wọ́n sàmì síbẹ̀ kí wọ́n máa ṣọ́ ọ. Bí omi náà bá rú, tó ní ẹrẹ̀ nínú, bèbè ti ń ṣàn lọ láti inú nìyẹn. Wọ́n á pe ẹnjiníà lọ́jọ́ náà, wọ́n á sì kìlọ̀ fún àwọn tó wà nísàlẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi sìmẹ́ńtì dí ojú ihò náà láti ẹ̀yìn: omi á wá ọ̀nà mìíràn, ọ̀nà kejì sì lè burú ju ti àkọ́kọ́. Iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ tó ń jẹ́ kí omi kọjá, tó sì ń dá erùpẹ̀ dúró, ni wọ́n fi ń dì í mú kí ẹnjiníà tó dé.

Àsìkò àyẹ̀wò ńlá mẹ́ta ló bá Ìbàdàn mu. Ti oṣù Kejì sí Kẹta, ṣáájú àkọ́rọ̀, ni wọ́n ń kó iyanrìn, torí ilẹ̀ gbẹ. Oṣù Kọkànlá, lẹ́yìn àrọ̀kúrò, ni wọ́n ń wo ohun tí òjò bàjẹ́. Èyí tó wà láàárín, ní oṣù Kẹjọ, ni wọ́n máa ń fò jù, torí òjò ti sinmi. Àmọ́ ìparí oṣù Kẹjọ ni omíyalé 1980 àti ti 2011 ṣẹlẹ̀.

Ti ewéko inú omi kò gba àlàyé púpọ̀. Àwọn àgbà ń wúre pé ojúoró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Lórí adágún òjò, kí ìre náà má ṣẹ pátápátá. Ọwọ́ àti ráàkì ni kí wọ́n fi kó o nígbà tó ṣì kéré. Oògùn apakoríko á pa á lóòótọ́, ṣùgbọ́n ewé tó bá jẹrà ń jẹ afẹ́fẹ́ inú omi, ẹja á kú, ìdọ̀tí á dí irin. Ẹja epìyà ṣe pàtàkì níbẹ̀ torí ó ń jẹ tanwíji. Ní ti adágún tó ń gbẹ, ọjọ́ mẹ́ta tí a sọ lẹ́ẹ̀kan ni ààbò: ẹyin ẹ̀fọn máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó di ẹ̀fọn tó ń fò. Ọgbà àti géètì tó ṣeé tì pa nítorí àwọn ọmọdé kò ní àríyànjiyàn.

Ọ̀rọ̀ tó kù ni ti owó àti ìwé. Ẹni tó la ẹ́sítéètì á tà tán, á sì lọ. Bí wọn kò bá kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù ló ni adágún, kò ní sí ẹni tó máa pè é ní tirẹ̀ lọ́jọ́ tí owó katapílà bá dé. Owó oṣooṣù tí wọ́n ń dá fún ọlọ́dẹ àti tiransifọ́mà yẹ kó ní ìpín kékeré kan tí a kì í fọwọ́ kàn, fún iyanrìn nìkan. Kí pílánù ìwọ̀n ilẹ̀ fi ààlà adágún hàn, kí ó kọ gíga ojú àpọ̀jù àti ìwọ̀n ihò páìpù síbẹ̀, kí ẹ̀dà rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ alága àti akọ̀wé. Alága tuntun tó bá gba ipò gbọ́dọ̀ gba ìwé náà, ìwé àkọsílẹ̀ ìwọ̀n iyanrìn, àti kọ́kọ́rọ́ géètì adágún pa pọ̀.