Ẹ̀rọ microfluidic fún àyẹ̀wò àìsàn

Ẹ̀rọ microfluidic ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ kékeré tó ń fa ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ tàbí itọ́ díẹ̀ gba inú gọ́tà tóóró kọjá, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá àìsàn wà ńbẹ̀. Àwọn gọ́tà yìí kéré o, òmíì ò ju ìbú irun orí kan lọ, òmíì ò ju irun bíi márùn-ún tí wọ́n tò pọ̀. Ọ̀pọ̀ ará Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà ló ti lo ọmọ ìyá ẹ̀ láìmọ orúkọ ẹ̀: tẹ́ẹ̀sì ibà tí wọ́n ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísìtì ní Lágéré, tẹ́ẹ̀sì oyún tí wọ́n ń ki bọ ìtọ̀, bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn alátọ̀gbẹ fi ń wo ṣúgà ara wọn. Àwọn onímọ̀ kan máa ń ya ti bébà sọ́tọ̀ torí kò ní gọ́tà tí wọ́n gbẹ́, àmọ́ iṣẹ́ kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe.

Omi inú gọ́tà tóóró kì í hùwà bí omi odò. Kò sí ìrugùdù ńbẹ̀ rárá, omi méjì lè wọ gọ́tà kan ṣoṣo kí wọ́n máa lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láìdàpọ̀, ohun tó wà nínú ọ̀kan á kàn máa rọra sún wọ èkejì. Torí pé ibi tí nǹkan fẹ́ rìn dé ò jìnnà, èsì máa ń yá, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n nílò ò sì pọ̀. Ti bébà tún wá rọrùn ju ìyẹn lọ: agbára tó ń mú kẹrosíìnì gun òwú àtùpà náà ló ń fa ẹ̀jẹ̀ lọ, kò sí páńpù, kò sí bátìrì.

Ní 1979 ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ̀rọ tó ń ya afẹ́fẹ́ sọ́tọ̀ sórí pẹlẹbẹ silikónì (ohun tí wọ́n fi ń ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà) kan ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà. Ní 1990, onímọ̀ kẹ́mísìtìrì kan, Andreas Manz, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ dábàá pé kí wọ́n kó gbogbo iṣẹ́ láàbù sórí ohun kékeré kan. Nígbà tó yá George Whitesides, onímọ̀ kẹ́mísìtìrì, àtàwọn èèyàn ẹ̀ ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi rọ́bà rírọ̀ tó mọ́ gaara ṣe gọ́tà wọ̀nyí, owó tó ń ná wọn sì já wálẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹ̀rọ ọ̀hún lè tó èékánná o, páńpù, iná àti kọ̀ǹpútà tó ń tẹ̀ lé e á kún orí tábìlì. Ní 2007 ni àwọn ará Harvard yìí kan náà wá gbé ti bébà jáde, nígbà tó sì yá àwọn olùṣèwádìí bẹ̀rẹ̀ sí í fi epo àbẹ́là tẹ ọ̀nà sórí bébà, wọ́n á yá a níná kó lè mu ún dé ìsàlẹ̀. Aládìrẹ ò nílò àlàyé kankan lórí èyí: ibi tí àbẹ́là bá wà, aró ò ní dé bẹ̀. Ìyàtọ̀ ẹ̀ ò ju pé aládìrẹ á fi omi gbígbóná yọ àbẹ́là tiẹ̀ kúrò, tiwọn á wà ńbẹ̀.

Nínú tẹ́ẹ̀sì ibà, wọ́n á fi ọtí nu orí ìka, wọ́n á gún un, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa fà, tẹ́ ẹ bá pín milílítà kan sọ́nà ẹgbẹ̀rún, nǹkan bíi 5 nínú ẹ̀ ni. Wọ́n á kán an sójú ihò kan, wọ́n á kán omi bọ́fà (omi tó wà fún tẹ́ẹ̀sì náà) sí ihò kejì, omi yẹn ló máa gbé ẹ̀jẹ̀ lọ lórí bébà. Lójú ọ̀nà ló ti máa pàdé èròjà tó ń dá purotéènì kòkòrò ibà mọ̀, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ góòlù. Góòlù gidi ni o, ó kàn kúnná débi pé pupa ló ń yọ dípò yẹ́lò, òun lẹ ń rí lórí ìlà. Bí kòkòrò bá wà, góòlù á kó jọ sójú ìlà T, ìlà tó ń sọ èsì. Ìlà C ló ń fi hàn pé tẹ́ẹ̀sì ṣiṣẹ́; bí kò bá yọ, tẹ́ẹ̀sì ti bàjẹ́ nìyẹn, ì báà jẹ́ pé T yọ. Ìṣẹ́jú 15 sí 20 ni wọ́n máa ń dúró, àwọn tó ń kánjú wò ó ní ìṣẹ́jú márùn-ún ló ń ṣi èsì kà.

WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ti ní láti 2010 pé kí wọ́n yẹ èèyàn wò kí wọ́n tó fún un lóògùn ibà. Àmọ́ purotéènì HRP2 tí ọ̀pọ̀ tẹ́ẹ̀sì yìí ń wá lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí ibà ti lọ, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣì fi ń lo máíkírósíkóòpù. Àwọn kòkòrò kan sì wà, Peru ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí wọn, tí wọn ò ní purotéènì ọ̀hún rárá, tẹ́ẹ̀sì tó ń wá a ò sì ní rí wọn. Ooru náà ń ba tẹ́ẹ̀sì jẹ́, ọ̀pọ̀ páálí ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kó má kọjá 30 tàbí 40 ní ìwọ̀n Celsius, ẹ wá wo ṣọ́ọ̀bù onípáànù lóṣù kejì.

Oríṣi tó ń wo jínótàìpù wà pẹ̀lú, ìlà A, S àti C ló ń yọ (C yìí, jínótàìpù ni, kì í ṣe ìlà C ti tẹ́ẹ̀sì ibà), ó wúlò fún ọmọ tuntun. Ti ikọ́ ife (TB) ni ẹ̀rọ GeneXpert tí WHO fọwọ́ sí ní December 2010: wọ́n á da kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sínú káátíríìjì (ike kékeré tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀rọ), ẹ̀rọ á gbé e gba ihò kan dé òmíì, á sọ bóyá ikọ́ wà àti bóyá oògùn rifampicin máa ràn án, kò tó wákàtí méjì. Àmọ́ iná ló ń lò. Bí iná bá lọ láàárín kan, káátíríìjì yẹn ti ṣòfò, wọ́n á ní kí aláìsàn tún tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ míì wá.