Ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ dà?

Lóṣù yìí nìkan, ìyá mẹ́ta tí ọmọ wọn ní autism (ọpọlọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tó yàtọ̀ láti ìbí) ló ti jókòó níwájú mi ní Adó-Èkìtì, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn sì gbé wá: "Dókítà, oṣù mélòó ló máa fi sọ̀rọ̀?" (Èmi kì í ṣe dókítà o, ìwà ọmọ ni mò ń wò, kí n lè mọ ohun tó ń fà á. Mo ti sọ ọ́ títí, ó ti sú mi.) Ẹni tó gbowó wọn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi ló dá oṣù mẹ́ta fún wọn. Ṣé ibà ni autism ni? Ẹni tó bá ní òun máa wò ó sàn, ẹ dìde níbẹ̀. Ẹni tó bá sì ní kí ẹ dúró níta, kí òun ti ilẹ̀kùn mọ́ ara òun àti ọmọ yín, ẹ gbé ọmọ yín.

Ẹ bèèrè ìwé ẹ̀rí. Láti 2023, àjọ BACB ti Amẹ́ríkà, tó ń fún àwọn onímọ̀ ìwà ní ìwé ẹ̀rí, kì í gba ẹni tuntun tó ń gbé Nàìjíríà wọlé mọ́. Tí ará Adó kan bá ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gba BCBA, ìwé ẹ̀rí àjọ náà, lọ́dún tó kọjá, ẹ wá orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó sanwó.

Àmọ́ ní tèmi, ìwé àkọsílẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń bèèrè. Kí ló ṣẹlẹ̀ kí ọmọ tó ké? Aago mélòó? Kí lẹ ṣe fún un lẹ́yìn náà? Ẹni tí kò bá kọ ìwọ̀nyí sílẹ̀ lójoojúmọ́, ó kàn ń méfò ni.

Ọmọ ọdún márùn-ún kan ní Ìkẹ́rẹ́ máa ń gé ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ. Wọ́n ti ní emèrè ni, wọ́n ti gbé e gun orí òkè. Ìgbà tó yá, ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ fi ata pa ọwọ́ náà. Ọmọ fi nu ojú. Bí wọ́n ṣe gbé e dé ọ̀dọ̀ mi, ojú ti wú, kò ṣeé ṣí.

Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi jókòó ní ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ pẹ̀lú bíró. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá ló gé ọwọ́ jẹ. Mẹ́tàlá nínú rẹ̀, ẹ̀rọ ìlọta ìsọ̀ kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ dún ni. Ariwo ló ń ni ín lára! Ẹni tó fi ata pa á kò bá a jókòó fún wákàtí kan rí.

A kọ́ ọ pé kó máa fa ìró ìyá rẹ̀ tí ariwo bá ti bẹ̀rẹ̀, kí ìyá sì mú un jáde lójú ẹsẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀rọ dún, ọmọ fa ìró, ó nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n jáde. Kò gé ọwọ́ jẹ. Ìyá rẹ̀ pè mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

"Dókítà, oṣù mẹ́ta mà ti pé o. Kò tíì sọ̀rọ̀."