Èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ti dé, Ọjọ́bọ̀ la máa rí dókítà: kí ni ìwé yìí ń sọ?

Láàbù ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nílùú Ògbómọ̀ṣọ́. Èmi ni mo ń so rọ́bà mọ́ apá àwọn èèyàn láti fa ẹ̀jẹ̀, èmi náà ni mo sì sábà máa ń na ìwé èsì sí wọn lójú fèrèsé. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò ní rí dókítà títí di ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin. Kí wọ́n tó dé oríta Tákíè, wọ́n ti ya ìwé náà ní fọ́tò ránṣẹ́ sí àbúrò tó wà ní Ìbàdàn. Ẹlòmíràn á yà sí kẹ́mísì, á ní kí wọ́n bá òun wò ó, á sì kó oògùn délé. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù ni mo kó síhìn-ín.

Mo rí H níwájú nọ́ńbà kan, mo rí L níwájú òmíràn. Ṣé àrùn ni?

H ń sọ pé nọ́ńbà yín ga ju ààlà tí wọ́n tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, L ń sọ pé kò tó o. Ẹ̀rọ ló ń fi àmì yẹn síbẹ̀. Kò mọ̀ bóyá ẹ lóyún, kò mọ̀ bóyá ẹ ti lé ní àádọ́rin ọdún.

Ibi tí ààlà náà ti wá ló yẹ kí ẹ mọ̀. Wọ́n á kó àwọn tí ara wọn le jọ, wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, wọ́n á wá to nọ́ńbà wọn láti orí èyí tó kéré jù dé èyí tó pọ̀ jù. Nínú 100, 95 tó wà láàárín ni wọ́n á fi ṣe ààlà, wọ́n á yọ 5 tó kù sílẹ̀, díẹ̀ nísàlẹ̀, díẹ̀ lókè. Ara àwọn 5 yẹn le bíi ti àwọn yòókù. Nítorí náà, bí ìwé bá ní 20 nọ́ńbà tí ọ̀kan ò so mọ́ èkejì, nínú 100 èèyàn tí kò ní àrùn kankan, bíi 64 ni yóò rí ó kéré tán H tàbí L kan. Ohun tí dókítà ń wò ni bí nọ́ńbà ṣe jìnnà sí ààlà tó, àti bóyá àwọn nọ́ńbà tó bá a tan ń bá a rìn. Níbi tí ààlà ti parí sí 11.0, 11.2 kò jọ 25 rárá.

Ọmọ mi ń kàwé ní LAUTECH. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun rẹ̀ jẹ́ 3.2, ìwé sì ní 4.0 sí 11.0. Ẹnì kan ní àrùn kògbóògùn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. A ò tíì rí oorun sùn.

Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá kòkòrò HIV wà lára ẹnì kan, àyẹ̀wò tirẹ̀ wà lọ́tọ̀. A kì í fi iye sẹ́ẹ̀lì funfun sọ ọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún fi 3.2 dẹ́rù bà yín.

Sẹ́ẹ̀lì funfun ni ọmọ ogun ara. Ààlà 4.0 sí 11.0 tó wà lórí ọ̀pọ̀ ìwé wa, ara àwọn èèyàn Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n. Àmì kan wà lára sẹ́ẹ̀lì pupa tí wọ́n ń pè ní Duffy, orúkọ aláìsàn tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní 1950. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo àwa tí a jẹ́ ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni kò ní in. Oríṣi kòkòrò ibà kan, Plasmodium vivax, ibẹ̀ ló ń gbà wọnú sẹ́ẹ̀lì, bí ẹni gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Níwọ̀n bí kò ti sí ilẹ̀kùn lára tiwa, kì í fi bẹ́ẹ̀ rí wa mú. Àjogúnbá kan náà yẹn ló ń mú kí neutrophil, tí í ṣe oríṣi sẹ́ẹ̀lì funfun kan, kéré nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn lára ọ̀pọ̀ wa, síbẹ̀ a kì í tìtorí ẹ̀ ṣàìsàn ju ẹlòmíràn lọ. Èèyàn lè wà lórí 3.0 láti kékeré títí dọjọ́ ogbó, kí ara rẹ̀ sì dá ṣáṣá.

Kí ẹ ṣì lọ rí dókítà o, nítorí oògùn kan lè wà tó ń fà á wálẹ̀. Ìwé àtijọ́ ló ń gbani nírú ọ̀rọ̀ báyìí. Bí ọmọ yín bá ṣe àyẹ̀wò nígbà tó ń wọ ilé ẹ̀kọ́, ẹ wá ìwé náà jáde. Bó bá jẹ́ 3.4 nígbà náà, ọkàn yín á balẹ̀. Bó bá jẹ́ 7.0, dókítà ní láti mọ̀ ọ́n.

PCV ìyá mi jẹ́ 28. Ṣé kí a máa fún wọn ní omi ewé úgú àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ná?

Bí a bá fa ẹ̀jẹ̀ sínú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tí a fi ẹ̀rọ yí i bírí-bírí, pupa á sọ̀ kalẹ̀, omi á lé sókè. PCV 28 túmọ̀ sí pé pupa kó ìdá 28 nínú 100. Àgbà obìnrin sábà máa ń wà láàárín 36 sí 46, ọkùnrin láàárín 40 sí 54. Aláboyún tí tirẹ̀ kò bá tó 33, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, 24 lè jẹ́ ojoojúmọ́ tirẹ̀.

Ẹ̀fọ́ kò burú, ẹ fún wọn jẹ. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ni kí ẹ dá dúró di Ọjọ́bọ̀. Nọ́ńbà yẹn sọ pé ẹ̀jẹ̀ kéré, kò sọ ibi tó ń gbà lọ. Obìnrin tí kò ṣe nǹkan oṣù mọ́, tí PCV rẹ̀ jẹ́ 28, ó yẹ kí a wádìí ìdí ẹ̀: bóyá ọgbẹ́ inú ló ń sun ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bóyá kíndìnrín ni, bóyá aràn. Ẹ̀jẹ̀ tó ń sun nínú ikùn máa ń sọ ìgbẹ́ di dúdú bí ọ̀dà. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin nínú náà ń sọ ìgbẹ́ di dúdú. Bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, báwo ni dókítà ṣe fẹ́ mọ èwo ni èwo?

Ibà jẹ́ ++, Widal jẹ́ 1/160. Kẹ́mísì ní ibà àti táífọ́ọ̀dù ló ń ṣe mí.

Èyí ló ń dùn mí jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí.

++ ń sọ pé a rí kòkòrò ibà, ó sì yẹ kí wọ́n tọ́jú ẹ̀. Widal, àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe nítorí táífọ́ọ̀dù, ni kí a sọ̀rọ̀ lé lórí. Láti 1896 ló ti wà. Kì í wá kòkòrò táífọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀, ohun ìjà tí ara ti ṣe láti fi bá a jà ló ń wá. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn rí ipa ẹsẹ̀ nínú àgbàlá: ẹsẹ̀ olè èṣí lè ni, ó sì lè jẹ́ ẹsẹ̀ aládùúgbò tó wọ irú bàtà kan náà. Ibà lásán lè gbé Widal sókè. Nílùú tí táífọ́ọ̀dù ti ń jà tipẹ́, ẹni tí ara rẹ̀ le lè ní 1/160, ìyẹn ni pé a fi omi là á dé ìlọ́po 160, ohun ìjà náà ṣì hàn. Bí a bá fẹ́ rí kòkòrò náà gan-an, ṣe la máa gbin ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò fún ọjọ́ mélòó kan, ó sì dáa kí a gbà á kí ẹ tó gbé oògùn apakòkòrò kankan mì. Bí ẹ bá ti gbé e mì, kòkòrò náà lè má hù mọ́.

Mo mọ ẹni tó gba abẹ́rẹ́ táífọ́ọ̀dù ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún kan, ìwé Widal nìkan ni wọ́n sì ń wò. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ni wọ́n wá bá lára rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ó ti rù kan eegun.

Ṣúgà tèmi jẹ́ 148, ti ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ 8.2. Ṣé tèmi ló burú jù?

Ọgbọọgba ni yín. mg/dL ni wọ́n fi wọn tiyín, mmol/L ni wọ́n fi wọn tiwọn, bí gàrí tí ẹnì kan fi kóńgò wọ̀n, tí ẹnì kejì gbé sórí ìwọ̀n kílò. Ẹ fi 18 sọ 8.2 di púpọ̀, ẹ ó bá bíi 148. Ẹ wo lẹ́tà tó wà lẹ́yìn nọ́ńbà kí ẹ tó gbin.

Ìbéèrè tó kàn ni pé, ṣé ẹ ti jẹun? Ẹni tó jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà ní wákàtí kan sẹ́yìn lè ní 148 láìní ìtọ̀ ṣúgà. Ẹni tí kò fi nǹkan kan ẹnu fún wákàtí mẹ́jọ, 126 ni ààlà tirẹ̀, ìyẹn 7.0. Bí kò bá sì sí àpẹẹrẹ kankan lára rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ tún un ṣe lọ́jọ́ mìíràn kí wọ́n tó sọ pé àìsàn náà ni. Tíì tó ní ṣúgà, oúnjẹ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òtítọ́ fún wa bí a bá béèrè.

Kí ni kí n mú dání lọ sọ́dọ̀ dókítà?

Gbogbo ìwé àtijọ́. Ìyá mi ṣì ń pe ilé ìwòsàn Bowen ní Baptist, orúkọ rẹ̀ àtijọ́, káàdì wọn láti ìgbà náà ṣì wà nínú àpótí, ó sì ti wúlò fún wọn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ kó oògùn tí ẹ ń lò dání, pẹ̀lú àgbo inú ìgò. Bí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ sí yín lára láàárín oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ sọ ọ́. Kí ẹ sì tó kúrò lójú fèrèsé wa, ẹ ka orúkọ àti ọjọ́ orí tó wà lórí ìwé: lọ́jọ́ kan náà, mo ti rí Àjọkẹ́ mẹ́ta lórí bẹ́ǹṣì kan.

Èwo ni kò lè dúró de Ọjọ́bọ̀?

PCV tó ti wálẹ̀ sábẹ́ 20, pàápàá bí èèyàn bá ń mí gúle-gúle. Ṣúgà tó ti kọjá 300 mg/dL, tí èèbì tàbí ọ̀rọ̀ àsọdà bá a rìn. Platelets, àwọn wóró tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì, bí wọ́n bá kéré tí imú tàbí eyín sì ń ṣẹ̀jẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì funfun tó kéré gan-an, tí ara sì ń gbóná. Gbogbo ìwọ̀nyí, ẹ̀ka pàjáwìrì ni kí ẹ gbà lọ lóru, lọ́sàn-án.

Ọ̀kan kù, potassium, oríṣi iyọ̀ kan nínú ẹ̀jẹ̀, tó ti kọjá 6. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ náà ló pẹ́ lójú ọ̀nà, tí sẹ́ẹ̀lì pupa fọ́ tí potassium inú wọn tú jáde. Ó sì lè jẹ́ òótọ́, èyí tó ń dá ọkàn dúró lójijì. Ìwé kò lè sọ èyí tó jẹ́, àfi kí a tún ẹ̀jẹ̀ mìíràn gbà lọ́jọ́ náà gan-an. Bí láàbù bá pè yín nítorí ẹ̀ ní aago mẹ́jọ alẹ́, ẹ gbé fóònù, ẹ máa bọ̀.