Oòrùn ń ràn ní London, kí ló dé tí ewédú mi kò hù?

Ìbéèrè: Láti ìparí oṣù kẹta ni oòrùn ti ń yọ. Mo da irúgbìn ewédú sí ẹ̀yìnkùlé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, n kò rí nǹkan kan. Ṣé ó ti kú ni?

Ìdáhùn: Ó lè máà kú. Oòrùn tí ẹ ń rí kò tíì wọnú ilẹ̀ ni. Bí ẹ bá ki tẹmọ́mítà bọ ilẹ̀ London nínú oṣù kẹrin, nǹkan bí 10°C ni ẹ óò bá níbẹ̀. Ewédú ń fẹ́ 25 sí 30. Tó bá ti wálẹ̀ sí 15, kò ní dàgbà mọ́. Bó bá sì pẹ́ nínú ilẹ̀ tútù tó rin, jíjẹrà ló kù.

Èèpo rẹ̀ tún le, omi kì í tètè rí ọ̀nà wọlé. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbẹ̀ nílé fi ń dì í sínú aṣọ, tí wọ́n á rì í bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó fún bí ìṣẹ́jú-àáyá 10, tí wọ́n á wá fi omi tútù pa á lérò, kí wọ́n tó sá a. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀ o, a kò sè é jẹ.

Ìbéèrè: Ata rodo tí mo gbé síta ńkọ́? Ọ̀sán dára gan-an, ilẹ̀ mọ́, ewé ti dúdú.

Ìdáhùn: Ìrì dídì ni. Ọ̀sán tó dára yẹn gan-an ló fà á. Ìkùukùu ni aṣọ tí ilẹ̀ fi ń bora lóru. Bí ojú ọ̀run bá mọ́ roro, tí afẹ́fẹ́ kò sì fẹ́, gbogbo ooru tí ilẹ̀ kó jọ á bá ojú ọ̀run lọ. Omi inú ewé á dì, á sì ba ewé jẹ́ láti inú. Ní London, èyí ṣì lè ṣẹlẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ni kí n wá gbìn?

Ìdáhùn: Etí fèrèsé ni ata ti ń bẹ̀rẹ̀, láti oṣù kejì tàbí ìkẹta, torí ó lọ́ra púpọ̀. Ewédú àti tẹ̀tẹ̀ lè wọ inú ike nínú ilé ní ìparí oṣù kẹrin. Ó di ìparí oṣù karùn-ún kí wọ́n tó jáde, kí ẹ sì kọ́kọ́ máa gbé wọn síta lọ́sàn-án, kí ẹ máa gbé wọn wọlé lálẹ́, fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Bí ọwọ́ bá ń yún yín kó tó dìgbà náà, ẹ gbin alùbọ́sà àti ẹ̀wà àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní broad bean. Òtútù kò dà wọ́n láàmú.

Ìbéèrè: Ìgbà yẹn kò ti pẹ́ jù?

Ìdáhùn: Rárá. Ọjọ́ kúkúrú ló ń mú ewédú yọ òdòdó. Ní Ìbàdàn, ojúmọmọ kì í fi bẹ́ẹ̀ ju wákàtí 12 àbọ̀ lọ. Ní London, ó ju 16 lọ nínú oṣù kẹfà, nítorí náà ewé ṣáá ni ewédú ń yọ. Ẹ máa já a. Irúgbìn nìkan ni ẹ kò ní rí kó níbẹ̀, torí kó tó yọ òdòdó kó sì gbó, òtútù á ti padà dé. Ẹ óò tún ra òmíràn lọ́dún tó ń bọ̀.