Ibi Tí Ìjánu Kẹ̀kẹ́ Ti Ṣẹ̀ Wá

Ní Abẹ́òkúta, níbi tí ọ̀nà ti ń gun òkè tó sì ń sọ̀ kalẹ̀ láàárín àpáta, ìjánu ló yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Lórí àwọn kẹ̀kẹ́ àtijọ́ tí ẹsẹ̀ iwájú wọn ga fíofío, ẹni tó bá fún ìjánu lójijì lè takìtì kọjá ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Ní 1885 ni John Kemp Starley, ní ìlú Coventry nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé kẹ̀kẹ́ Rover jáde, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, tí ṣéènì sì ń yí ti ẹ̀yìn. Irin pẹlẹbẹ bíi ṣíbí, tó ń tẹ orí táyà, ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ìjánu láyé ìgbà yẹn, rọ́bà líle inú táyà sì gbà á. Àmọ́ ní 1888, John Boyd Dunlop, dókítà ẹran ní Belfast, gba ìwé àṣẹ lórí táyà tí à ń fẹ́ atẹ́gùn sí. Irin náà tètè máa ń jẹ táyà tuntun yìí, ni ìjánu bá kúrò lórí táyà, ó bọ́ sórí ríìmù.

Kẹ̀kẹ́ Raleigh tí àwọn bàbá wa gùn ní ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń fa rọ́bà mọ́ abẹ́ ríìmù. Ó lágbára, bó bá sì wọ́, òòlù lásán la fi ń tọ́ ọ. Òjò ni ọ̀tá rẹ̀, nítorí rọ́bà kì í di irin tútù mú. Lọ́jọ́ òjò kan tí mò ń sọ̀ kalẹ̀ láti ẹ̀bá Olúmọ lọ sí Ìtokù, mo fún ìjánu méjèèjì títí ọwọ́ fi ń ro mí, kẹ̀kẹ́ kò dúró. Bàtà mi ni mo fi wọ́lẹ̀.

Nítorí náà, mo gbà tọkàntọkàn pé ìjánu aláwo, tí páàdì rẹ̀ ń fún àwo irin kékeré láàárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, tó jìnnà sí omi àti ẹrẹ̀, jẹ́ ìlọsíwájú gidi. Àjọ UCI, tó ń ṣàkóso eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé, fọwọ́ sí i pátápátá fún eré orí títì ní 2018. Ti èyí tó ń fi òróró ṣiṣẹ́ ni kò tíì dá mi lójú fún ìlú wa: bí atẹ́gùn bá wọ inú rẹ̀, ìjánu á rọ̀, ó sì nílò irinṣẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Aláwo tó ń fi wáyà ṣiṣẹ́ ni mo yàn, torí bí wáyà bá já ní Láfẹ́nwá, ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe á ki òmíràn bọ̀ ọ́, á fi ẹ̀mú fà á le, oníkẹ̀kẹ́ á sì máa bá tirẹ̀ lọ.