Ṣé Ẹni Tó Ń Dáná Ni "Cooker"? Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́ ni mò ń ṣe fáwọn ọmọ ní Ṣómólú, Gẹ̀ẹ́sì ni mo sì ń kọ́ wọn. Àwọn òbí ló máa ń da ìbéèrè bò mí jù, torí àwọn ni wọ́n ń rí bírò pupa nínú ìwé ọmọ. Mo ṣa díẹ̀ jọ síbí.

Ìbéèrè: Ọmọ mi kọ "My mother is a good cooker," tíṣà rẹ̀ fagi lé e. Ṣebí ẹni tó ń "teach" ni "teacher," ẹni tó ń "drive" ni "driver"? Kí ni "cook" ṣe?

Ìdáhùn: Ìyá tó bi mí léyìí ń ta òkìrìkà ní Yábà. Inú ń bí i, n kò sì bá a wí, torí ọmọ náà lo ọgbọ́n. Òfin tó tẹ̀ lé wà lóòótọ́. Gẹ̀ẹ́sì máa ń lẹ "-er" mọ́ ìdí ọ̀rọ̀ ìṣe láti fi pe ẹni tó ń ṣe é. Iṣẹ́ tí "a" ń ṣe lára "wakọ̀" tó fi di "awakọ̀" náà nìyẹn, àfi pé iwájú ni tiwa wà, ìdí ni tiwọn. Ẹ fi èyí sọ́kàn. Gẹ̀ẹ́sì náà ní àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ o, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í yí ìsọ̀rí ọ̀rọ̀ padà: "happy" àti "unhappy," ọ̀rọ̀ àpèjúwe ni méjèèjì. Ẹ lẹ "-ness" mọ́ ìdí rẹ̀ wò, ó di ọ̀rọ̀ orúkọ lójú ẹsẹ̀.

Ti "cook" yàtọ̀ torí pé ọ̀rọ̀ orúkọ ni látilẹ̀. Inú èdè Látìnì ló ti wọ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, alásè ló sì ń jẹ́ kó tó di pé wọ́n ń fi ṣe ọ̀rọ̀ ìṣe. Nígbà tí "cooker" fi máa délẹ̀ ní ọ̀rúndún 19, ẹni tó ń dáná ti ní orúkọ. Bíi ti dánfó ni: bí ẹnì kan bá ti jókòó ti dírẹ́bà, ẹ̀yìn lẹ máa lọ. Ẹ̀yìn ni "cooker" lọ, ó di ohun tí à ń gbé ìkòkò kà. Ta ló sì gbọ́ kí wọ́n ké "stealer" lé ẹnì kan lórí? "Thief" ti wà ńbẹ̀. Àwa náà kúkú ń ṣe é: "olè" ló ti wà nílẹ̀, ara rẹ̀ la ti rí "jalè."

Ìbéèrè: Lánàá ẹ ní ọ̀rọ̀ àpèjúwe ni "fast." Lónìí ẹ ní ọ̀rọ̀ ìṣe ni. Èwo ni ká mú, sà?

Ìdáhùn: Ọmọ SS 2 kan ló bi mí, ó rò pé ọwọ́ ti tẹ̀ mí. Méjèèjì ni, méjì sì tún kù. "A fast car": ó ń júwe mọ́tò. "He drives fast": ó ń sọ bó ṣe ń wà á, ọ̀rọ̀ àpọ́nlé ni. "Muslims fast in Ramadan": wọ́n ń gbààwẹ̀, ìṣe ni. "He broke his fast": ààwẹ̀ gan-an, orúkọ ni. Mẹ́rin nìyẹn, lẹ́tà kan ò sì yí padà. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í wọ yunifọ́ọ̀mù; ibi tó jókòó sí la fi ń mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Bí "will" bá lè ṣíwájú rẹ̀, tàbí tó bá gba "-ed," ọ̀rọ̀ ìṣe ni. Bí "the" tàbí "his" bá ṣíwájú, tí kò sì sí ọ̀rọ̀ mìíràn tó ń júwe lẹ́yìn, ẹ fura sí ọ̀rọ̀ orúkọ.

Ẹ tún gé "breakfast" sí méjì, kí ẹ wò ó: "break," "fast." Ìṣínu ni! Ohun tí àwọn Mùsùlùmí Ìsàlẹ̀ Èkó ń ṣe nírọ̀lẹ́ nínú oṣù ààwẹ̀ ni Òyìnbó fi sọ oúnjẹ àárọ̀ lórúkọ. Bí wọ́n ṣe ń pe "break" nínú rẹ̀ ti yàtọ̀, ni etí ò fi dá a mọ̀ mọ́.

Ìbéèrè: Ṣé Gẹ̀ẹ́sì náà ní ohùn bíi ti ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀?

Ìdáhùn: Kò ní. Apá kan nínú ọ̀rọ̀ ni wọ́n máa ń tẹ̀ ju ìyókù lọ. Bí ẹ́jẹ́ǹtì ní Àpápá bá ń sọ̀rọ̀ nípa ẹrù tó wọlé, "IMport" ni. Bó bá fẹ́ kó ẹrù wọlé, "imPORT" ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni "record" àti "present." Àmọ́ ẹ má sọ ọ́ di òfin fún gbogbo ọ̀rọ̀: apá kejì là ń tẹ̀ nínú "report" àti "support," ì báà jẹ́ orúkọ, ì báà jẹ́ ìṣe.

Ìbéèrè: Gbogbo ohun tó bá ti ní "-ly," ọ̀rọ̀ àpọ́nlé ni, àbí?

Ìdáhùn: Rárá. Ọ̀rọ̀ àpèjúwe ni "friendly." Èyí tó léwu ni "hardly." Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn atẹ̀wé kan ládùúgbò wa nígbà tí ọ̀dọ́kùnrin kan ń tẹ lẹ́tà ìwáṣẹ́: "I work hardly." Ó fẹ́ sọ pé òun ń ṣiṣẹ́ kára. Ohun tó ń sọ fún ọ̀gá tó fẹ́ gbà á ni pé díẹ̀ ló kù kí òun má ṣiṣẹ́ rárá. Mo ní kó gé ìrù yẹn. Ó gé e.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí ọmọ mi ń kọ "The man tall"?

Ìdáhùn: Yorùbá ló fi ń ronú, Yorùbá rẹ̀ sì dára. Ọ̀rọ̀ ìṣe ni "ga" lọ́dọ̀ wa: ó ga, kò ga, yóò ga, bíi ó lọ, kò lọ, yóò lọ. "Tall" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣe, àfi kí "is" gbé e. Ẹ kọ́ ọ pé "is tall" lódindi ni "ga."

Ìbéèrè: Wọ́n ní "barbing salon" kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Ṣé lóòótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ Látìnì tó túmọ̀ sí irùngbọ̀n ni "barber" ti ṣẹ̀ wá. Òyìnbó òde òní kì í sọ pé òun fẹ́ "barb" irun. Àwa la rí "-er" nídìí rẹ̀, la gé e kúrò, la ní ìyókù ní láti jẹ́ iṣẹ́ tí bábà ń ṣe. Bó bá jẹ́ àṣìṣe, Òyìnbó ti ṣe é ṣáájú wa: "editor" ló kọ́kọ́ wà, ara rẹ̀ ni wọ́n ti gé "edit." Lọ́dún 2020, Oxford English Dictionary gba "barbing salon" wọlé, pẹ̀lú "danfo," "okada," àti "bukateria," tó jẹ́ bùkà tí a lẹ ìrù "cafeteria" mọ́.

"Tokunbo" náà wọlé, òun ló sì dùn mọ́ mi jù. Ó ti òkun bọ̀: gbólóhùn ni. Ó di orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun. Lẹ́nu àwọn tó ń ta mọ́tò l'Ékòó, ó wá di ọ̀rọ̀ tó ń júwe mọ́tò. Ọmọ kan tó ń jẹ́ orúkọ náà wà ní kíláàsì mi. Ó dìde, ó ní ṣé òun ti di ọ̀rọ̀ àpèjúwe nìyẹn. Mo ní kó jókòó ná, ibi tó bá jókòó sí la ó fi mọ̀.