Ológbò Tí Awọ Rẹ̀ Ń Bó: Ẹ Má Tíì Gbé Òrí Jáde

Bí ọyẹ́ bá ti wọ Yàgbà àti Kàbà, ètè àwa èèyàn nìkan kọ́ ló ń sán. Èérún funfun bíi gààrí lẹ́búlẹ́bú a máa yọ lábẹ́ irun ológbò náà, pàápàá lẹ́yìn, nítòsí ìdí ìrù. Òrí tàbí àdí àgbọn ló máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn. Ẹ dá ọwọ́ dúró ná. Ahọ́n ni ológbò fi ń wẹ̀. Ohunkóhun tí ẹ bá fi pa á lára, ẹnu rẹ̀ ló ń lọ. Òrí díẹ̀ kò ní pa á, ṣùgbọ́n ó lè yàgbẹ́ gbuuru, eruku ọyẹ́ á sì lẹ̀ mọ́ irun tí òróró wà.

Ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tó wà lábẹ́ irun. Ẹ tẹ́ aṣọ dúdú sójú oòrùn, ẹ gbé ológbò náà lé e, ẹ fi ìyarun eléyín wẹ́wẹ́ yà á láti ọrùn dé ìdí ìrù, kí ẹ wá tẹjú mọ́ èérún tó já sílẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú méjì. Bí èérún bá ń rìn, kòkòrò ni. Irú èyí a máa ran èèyàn: ọmọ tó ń gbé ológbò sùn á máa họ apá àti ikùn. Bí ẹ bá rí wóró dúdú, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ òwú funfun tó tutù. Tó bá ṣẹ̀jẹ̀ sí i lára, ìgbẹ́ kòkòrò tí ń fò, tí ń mu ẹ̀jẹ̀ ni. Irun tó re róbótó ní tirẹ̀ jọ làpálàpá, ó sì lè ran àwọn ọmọdé.

Oògùn kòkòrò ajá a máa ṣe ológbò léṣe gan-an. Permethrin, èròjà apakòkòrò kan, wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ajá lè tú u palẹ̀, ti ológbò kò lè ṣe é. Ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, gìrì á mú un, ó sì lè kú. Ọ̀tápíapíà, kẹrosíìnì, ọ́ìlì ọkọ̀ àti oògùn ìfọlẹ̀ tí ń funfun nínú omi náà kò dára fún un. Bí ẹnì kan bá ti fi ọ̀kan nínú wọn pa á lára, ẹ fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ìfọwo fọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì wé e kó má baà lá a, ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko.

Bí èérún lásán bá ni, inú abọ́ ni ká wò. Ẹran ni oúnjẹ ológbò. Iyán tàbí ẹ̀bà tí a rẹ sínú ọbẹ̀ ń yó o, ṣùgbọ́n awọ rẹ̀ kò rí ọ̀rá àti purotéènì tó tó. Àlùbọ́sà inú ọbẹ̀ sì ń ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Ẹ se ẹja títọ̀ọ́sì tàbí ẹran adìẹ láìfi iyọ̀, ata tàbí àlùbọ́sà sí i, kí ẹ yọ egungun. Ẹyin sísè lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ dára. Ẹ̀dọ̀, díẹ̀ péré. Ẹ pa oúnjẹ náà dà díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ 7 sí 10, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ inú rẹ̀ á ṣí. Ẹni tó ń ra oúnjẹ gbígbẹ, ti ológbò ni kó rà, kì í ṣe ti ajá. Omi inú rẹ̀ kò ju bíi ìdá 10 nínú 100 lọ, nítorí náà ẹ da omi ẹja aláìníyọ̀ lé e. Ẹ gbé abọ́ omi jìnnà sí oúnjẹ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́.

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ yà á ní ìṣẹ́jú 5 lójoojúmọ́, bí irun ṣe sùn. Ológbò tó sanra tàbí tó ti darúgbó kì í lè fi ahọ́n kan ẹ̀yìn. Ìdí nìyẹn tí èérún fi ń pọ̀ níbẹ̀. Ìwẹ̀ lọ́yẹ́? Rárá o. Ọṣẹ dúdú ń bó ìwọ̀nba òróró tó kù lára rẹ̀.

Awọ ológbò máa ń tó ọ̀sẹ̀ 3 kó tó sọ ara rẹ̀ dọ̀tun, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Ṣùgbọ́n èyí tó ti lé lọ́dún 10, tó ń mu omi àmujù tó sì ń rù, ẹ má dúró, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Tí ẹ bá ń lọ, ẹ bù díẹ̀ nínú èérún ìyarun sínú ọ̀rá kékeré dání, dókítà á fẹ́ wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Ẹ sọ pé ológbò ni kó tó wọn oògùn, pàápàá tó bá jẹ́ pé ewúrẹ́ àti adìẹ ló ń tọ́jú jù.